Ẹ Má Dárúkọ Ìgbéyàwó Létí Adágún

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ má fi ìkánjú gbọ́ ìtàn yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ dà bí ìrẹsì orí iná: ẹni tó bá ń kánjú rò ó, á jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìyá kan wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Novara, níbi tí oko ìrẹsì ti tẹ́ lọ bí ojú ọ̀run. Dosolina lorúkọ rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń fa èpò nínú omi. Bí oṣù karùn-ún bá ti ń parí lọ báyìí, á ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, á dé àkẹtẹ̀, á wọnú omi títí dé orúnkún, òun àti ọgọ́ta obìnrin, ìdí lókè, ojú nílẹ̀, ọwọ́ nínú ẹrẹ̀. Orin ni wọ́n fi ń gbàgbé ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n. Dosolina ló sì ń dá orin náà. Ohùn rẹ̀ máa ń ta kọjá oko, débi pé àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ lójú títì á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á dúró gbọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Armida. Ibà ló pa bàbá ọmọ náà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, láti ìgbà náà ló sì ti di pé ìyá ni bàbá, ọmọ ni ọ̀rẹ́. Nígbà tí mò ń sọ yìí, Armida ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tọ́ ọmọ kejì, ìkẹta. Kì í ṣe pé Armida ò rí ọkọ o. Ọkọ tí ìyá rẹ̀ á fẹ́ràn ni ò tíì dáyé.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún ló pàdé Fiorenzo. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, kùrukùru bo gbogbo ojúde, ọjà ọjọ́ Ìsinmi sì wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan pàtẹ ṣíbí onígi sórí àpótí, ó ń fẹ́ èémí sọ́wọ́. Ará etí adágún Orta ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ló ń tu àwọn àlejò lọ sí erékùṣù San Giulio láàárín omi. Nígbà òtútù tí àlejò ò sí, á gbẹ́ ṣíbí, á wọkọ̀ ojú irin, á wá tà á ní pẹ̀tẹ́lẹ̀.

"Ṣé eléyìí ò ní là nínú ìkòkò?" Armida ló bi í.

"Bó bá là, mú un padà wá. Màá pààrọ̀ rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kejì, Armida mú un padà wá.

"Ó ti là?"

"Kò là. Ó wọ́ ni."

Fiorenzo di ojú kan, ó fi ìkejì wo ṣíbí náà láti ìdí dé orí. "Ibo ló ti wọ́?"

"Ojú tìrẹ ni ò rí i."

Ó fún un ní òmíràn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, òmíràn yẹn wúwo jù. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìkẹta fúyẹ́ jù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìyá tó ń ta wàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ìwọ ọmọ Dosolina yìí, ṣé ṣíbí lò ń rà ni, àbí ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ lò ń yẹ̀ wò?"

Ẹ̀rín bú sọ́jà. Ojú Armida pọ́n bí iná. Ó gbé ṣíbí lélẹ̀, ó fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Fiorenzo ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó kàn rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà, mú un padà wá. Jọ̀ọ́."

Jọ̀ọ́ yẹn gba etí Armida wọlé, ó wá àga, ó jókòó. Kò jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ ò ṣeé fi pamọ́ nínú abúlé. Kí ìrúwé tó yọ, Dosolina ti gbọ́.

"Atukọ̀?" ó ní. "Nínú gbogbo ọkùnrin tí Ọlọ́run dá, atukọ̀? Ará adágún?"

"Ìyá, ènìyàn dáadáa ni."

"Mi ò ní kì í ṣe ènìyàn dáadáa. Ibi tó ń gbé ni mò ń bá jà. Armida, mo mọ omi. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nípa omi. Omi tèmi, orúnkún ló mọ. Ogójì ọdún, kò kọjá orúnkún rí. Omi tí ènìyàn ò lè dúró nínú rẹ̀, ṣé omi nìyẹn? Kòtò ni!"

Nígbà tí wọ́n wọ oko lọ́dún náà, Dosolina dá orin. Kì í ṣe orin àtijọ́. Tuntun ni, gbogbo ìlà sì mọ ẹni tó ń bá wí:

"Ọmọ mi ń lọ sódò ńlá,
Ó ṣe bí ẹni tó mọ̀nà;
Omi ọ̀hún kò lẹ́rẹ̀ nísàlẹ̀,
Ibo lo máa fẹsẹ̀ tẹ̀?"

Àwọn obìnrin gbè é: "Ibo lo máa fẹsẹ̀ tẹ̀ o, ibo lo máa fẹsẹ̀ tẹ̀?"

Armida wà ní ìlà kejì. Kò gbórí sókè. Ó fa èpò kan, ó jù ú sẹ́yìn, ó sì gbẹnu lé tirẹ̀:

"Ẹsẹ̀ mi ti pẹ́ nínú ẹrẹ̀,
Ó ń wu ẹsẹ̀ mi kó gbẹ;
Atukọ̀, gbé mi sínú ọkọ̀,
Ẹsẹ̀ á gbẹ, ìyá, á gbẹ."

Ẹ ẹ̀ gbọ́ ariwo! Ọgbọ̀n obìnrin ń gbe orin ìyá, ọgbọ̀n ń gbe orin ọmọ, omi ń ta pàrà, ọ̀gá oko dúró lórí ebè, ó ń pariwo pé èpò lòun gbé wọn wá fà, òun ò pe ẹgbẹ́ akọrin. Dosolina tẹ̀ ba, ó ń fa èpò bí ẹni ń fa irun ọ̀tá. Odidi ọjọ́ mẹ́ta, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ìyá ò ní kó má ro ó. Á dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, kò ní sọ̀rọ̀, Armida náà ò ní sọ̀rọ̀, á kàn da òróró sọ́wọ́, á máa ra á láti ọrùn dé ìbàdí. Ó mọ gbogbo egungun ẹ̀yìn náà bó ṣe mọ ọ̀nà ilé. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń pín sí méjì. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa ra ẹ̀yìn yìí? Bí mi ò bá sì lọ, ṣé ẹ̀yìn ìyá mi ni màá máa rà títí tèmi náà á fi tẹ̀? Ó kọ lẹ́tà sí Fiorenzo: *Má wá mọ́. Mi ò lè fi ìyá mi sílẹ̀ nínú ìbínú.* Ó sunkún lé e lórí, tàdáwà náà sì ràn, ṣùgbọ́n ó fi ránṣẹ́.

Fiorenzo ò wá lóòótọ́. Alárenà ló rán.

Bàbá Gaudenzio ni alárenà náà. Ó ń ta irúgbìn ewébẹ̀ láti abúlé dé abúlé lórí kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń gbìn jù. Tọkọtaya mọ́kànlélógójì ló ti so pọ̀, ó sì lè ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láì sinmi. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n parí èpò fífà ló dé, ó ti kẹ̀kẹ́ mọ́ ògiri, ó ṣí fìlà.

"Dosolina, mi ò wá torí ìgbéyàwó o."

"Ẹ tilẹ̀ jókòó ná kẹ́ ẹ tó máa parọ́."

Ó jókòó. "Ìsinmi ni mo bá wá. Wo ara rẹ! Ogójì ọjọ́ nínú omi, o ti gbẹ bí ẹja gbígbẹ. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká wọkọ̀ ojú irin, ká lọ fojú lóúnjẹ ní adágún Orta. Ká gba atẹ́gùn. Ká dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì San Giulio pé èpò tán, ara le. Ká padà wálé. Ó parí."

"Ta ló máa tù wá?"

"Atukọ̀ kan ṣá."

"Kí lorúkọ atukọ̀ kan ṣá?"

Bàbá Gaudenzio fi fìlà nu ojú. "Fiorenzo."

Dosolina ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti já mọ́ ọn lẹ́nu kó tó dì í. Nígbà tí ẹ̀rín bá sì ti jáde lẹ́nu obìnrin, alárenà tó gbọ́n á tètè gbá ilẹ̀kùn mú kó má tì í.

"Mo gbọ́," ni Dosolina wí. "Màá lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ìgbéyàwó. Ẹ̀yin o, òun o, ọmọ mi o. Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, mo ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wá sí Novara."

"Mo gbà."

"Mi ò sì ní wọlé wọn, mi ò ní í jẹun wọn."

Èyí ló le níbẹ̀. Nítorí lọ́dọ̀ wọn, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti létí adágún bákan náà, ìyá tó bá jẹun nílé ọkùnrin tó ń wá ọmọ rẹ̀ ti fọmọ náà fún wọn nìyẹn. Kò tún sí pé ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti febi wálé láti àbẹ̀wò, torí kí wọ́n má baà jẹ búrẹ́dì kan ṣoṣo.

"A ó gbé oúnjẹ tiwa dání," ni Bàbá Gaudenzio wí. "Abẹ́ igi la ti máa jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní wọlé ẹnikẹ́ni."

Ló bá tú ẹ̀wà díẹ̀ sórí tábìlì láti fi ètò ìjókòó inú ọkọ̀ hàn wọ́n. "Ẹ̀wà yìí ni Fiorenzo, níbi àjẹ̀. Èyí ni Armida, níwájú rẹ̀. Èyí ni ìwọ. Èyí tó sanra yìí lèmi."

Dosolina fi ìka kan ti ẹ̀wà Armida lọ sí ìdí ọkọ̀, ó gbé ẹ̀wà ara rẹ̀ sáàárín. Nígbà tó dìde lọ wo iná, Armida fi ọ̀nà ẹ̀bùrú ti ẹ̀wà náà padà síbi tó wà. Bàbá Gaudenzio gbójú sókè, ó ń ka igi àjà.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí Dosolina lọ́sẹ̀ yẹn! Ẹni tí kò fẹ́ lọ! Ọjọ́ kejì, ó fọ aṣọ tó máa wọ̀. Ọjọ́ kẹta, ó tún un fọ̀. Ó ní òun á dín kọ̀ǹkọ̀ inú oko ìrẹsì, torí àwọn ará òkè wọ̀nyẹn ò mọ kọ̀ǹkọ̀ dín. Òun á se ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà, òun á jẹ́ kó tutù. Ìgò wáìnì kan. Rárá, méjì, Gaudenzio máa ń mu. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, á kàn dúró lójijì.

"Armida, ṣé atẹ́gùn máa ń fẹ́ níbẹ̀?"

"Wọ́n ní ó máa ń fẹ́, Ìyá."

"Atẹ́gùn tútù?"

"Tútù."

"Hẹn-ẹn." Á tún máa dín kọ̀ǹkọ̀ lọ. Obìnrin náà ò rí adágún rí láyé rẹ̀. Oko àti ilé, ilé àti oko. Armida wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ níbi ààrò, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé tí kò mọ ẹni tó ń sun ún fún.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Ọkọ̀ ojú irin gbé wọn gòkè, pẹ̀tẹ́lẹ̀ tán, òkè bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì yí igun kan, adágún náà là sílẹ̀ nísàlẹ̀ wọn, aró pátápátá, erékùṣù rẹ̀ láàárín bí ẹyin nínú àwo. Dosolina di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Nígbà tó rántí pé inú ń bí òun, ó fi í sílẹ̀.

Fiorenzo dúró létí omi, ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ débi pé àgbọ̀n rẹ̀ ń dán. Ìyá rẹ̀, Onorina, opó bíi Dosolina, jáde wá kí wọn lójú ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ewu ọ̀nà."

"A dúpẹ́ o, ìyáa Fiorenzo."

"Mi ò ní pè yín wọlé, ẹ má bínú."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló dáa, ẹ ṣé."

Onorina padà sílé, wọ́n wọ ọkọ̀. Armida jókòó síbi tí ẹ̀wà rẹ̀ wà, ìyá rẹ̀ ò sì rí ọ̀rọ̀ sọ níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì lèèwọ̀.

"Òkè yẹn ga," ni Bàbá Gaudenzio wí.

"Ó ga," ni Fiorenzo dáhùn.

"Ó ti pẹ́ tó ti ga?"

"Mo bá a níbẹ̀ ni, Bàbá."

Armida fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wo apá Fiorenzo bó ṣe ń na àjẹ̀ síwájú, tó ń fà á sẹ́yìn. Fiorenzo wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n dé erékùṣù, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tan àbẹ́là. Ohun tí Armida bẹ Ọlọ́run fún, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, atẹ́gùn tútù dìde lójú omi, ó fẹ́ sí Dosolina lára. Ó tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀. Ó dijú. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́lẹ̀, orin tí kì í ṣe ti oko. Armida ò mí. Ó ń rò ó pé, Ọlọ́run, ó ń dùn mọ́ ọn. Ìyá mi ń gbádùn.

Fiorenzo tù wọ́n lọ síbi igi ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìyá rẹ̀, níbi tí àtẹ̀gùn olókùúta ti wọ omi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa jẹun. Ó na okùn sọ́wọ́, ó ń wojú òpó tó fẹ́ so ọkọ̀ mọ́. Ó ku bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí àtẹ̀gùn.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú oko ìrẹsì, omi máa ń dọ̀tí. Ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, èèyàn kì í rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí o bá wá ríbi tí ilẹ̀ ti hàn nínú omi, tó o lè ka òkúta, a jẹ́ pé omi ibẹ̀ ò ju kókósẹ̀ lọ. Ogójì ọdún ni ojú Dosolina ti fi mọ èyí. Ó bojú wolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì rí òkúta funfun, ó mọ́ kedere bíi pé wọ́n tò ó sórí tábìlì. Ló bá rọra bọ́ bàtà. Ó ká yẹ̀rì. Ó gbé agbọ̀n kọ̀ǹkọ̀ rẹ̀ sọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ fi okùn yẹn sílẹ̀, èmi ti dé," ó sì gbẹ́sẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ bí ẹni ń gbẹ́sẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ó rì. Kò sí igbe, kò sí nǹkan. Àkẹtẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù lójú omi.

Fiorenzo ti bẹ́ sínú omi kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó wọlẹ̀, ó jáde, ó di Dosolina mú lápá, àwọn méjèèjì sì tún jọ wọlẹ̀. Wọ́n jáde, ẹnu Fiorenzo là sílẹ̀, ó ń mu omi, ó ń fọwọ́ gbá omi bí ẹni ń lé oyin. Ìgbà náà ni Armida rí i: ọkùnrin yìí ò mọ̀ wẹ̀!

Bàbá Gaudenzio ṣubú sí apá kejì ọkọ̀, ó ń ké pe gbogbo ẹni mímọ́ lórúkọ. Ohun kan tó ṣe tó wúlò ni pé ó tóbi, ọkọ̀ ò dà. Armida gbé àjẹ̀. Ó nà án gbọọrọ lé omi.

"Ẹ dì í mú! Ìyá! Fiorenzo, dì í mú!"

Ọwọ́ kan bá a. Ọwọ́ kejì bá a. Ìyá rẹ̀ àti olólùfẹ́ rẹ̀ wà ní ìdí àjẹ̀ kan ṣoṣo. Armida kanlẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti ara ọkọ̀, ó fà. Ọwọ́ tó ti fa èpò ogójì ọjọ́ ni. Ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, títí ọwọ́ àwọn méjèèjì fi kan ara ọkọ̀, Bàbá Gaudenzio sì fi okùn gbá òpó mú, ó wọ́ gbogbo wọn dé àtẹ̀gùn. Onorina ti sáré dé pẹ̀lú aṣọ ibùsùn, ó ń sunkún, ó ń bú ọmọ rẹ̀, ó ń nu Dosolina lójú, ọwọ́ kan náà ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ta ló tún rántí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé? Wọ́n wọlé. Onorina bọ́ aṣọ tútù lọ́rùn Dosolina, ó wọ aṣọ dúdú tirẹ̀ fún un, ó dáná nínú oṣù keje. Fiorenzo jókòó sórí ìjókòó kékeré, kúbùsù lọ́rùn, eyín ń gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀. Dosolina wò ó títí.

"O ò mọ̀ wẹ̀."

"Rárá, Ìyá."

"Atukọ̀!"

"Nílé yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n," ni Onorina wí. "Orí omi la mọ̀, ìyáa Armida. Abẹ́ rẹ̀, ti ẹja ni. Èmi tó jókòó yìí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wá sílé ọkọ, mi ò ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ rí."

Dosolina ò gbé ojú kúrò lára Fiorenzo. "O ò mọ̀ wẹ̀, kí lo wá bẹ́ sómi ṣe?"

Fiorenzo rò ó díẹ̀. Ó dà bíi pé òun fúnra rẹ̀ ò tíì bi ara rẹ̀.

"Mo gbàgbé, Ìyá."

"O gbàgbé kí ni?"

"Pé mi ò mọ̀ wẹ̀."

Onorina bu omitoro adìẹ sínú àwo, èéfín ń rú lórí rẹ̀, ó gbé e wá. Ó kù díẹ̀ kó dé ọwọ́ Dosolina ló rántí, ló bá dúró. Àwo náà wà lófuurufú láàárín ìyá méjì. Armida ń wò ó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù ló wà nínú àwo kékeré yẹn, ó ń rú èéfín.

"Oògùn òtútù ni o," ni Onorina wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ mu ún, ẹ má kà á sí nǹkan kan. Àwa náà ò ní í kà á."

Ẹ ò rí ọmọlúwàbí obìnrin! Ó lè dákẹ́ kó jẹ́ kó mu ún, kó sì gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí òtútù ń pa. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Dosolina gba àwo náà. Ó mu ún. Kò yára, kò sinmi, ó mu ún títí ó fi rí ìdí àwo. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó gbé àwo náà padà fún Onorina.

"Ìyáa Fiorenzo, ẹ ṣé gan-an fún oògùn. Ara mi ti yá." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Kí lẹ sè?"

Bàbá Gaudenzio fò dìde. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́rìí o! Èmi ò dárúkọ rẹ̀!"

"Kò sẹ́ni tó dárúkọ nǹkan kan," ni Dosolina wí. "Ebi ló ń pa mí. Kọ̀ǹkọ̀ mi wà nísàlẹ̀ adágún yín."

Onorina bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, ó sáré lọ síbi ìkòkò. Armida kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, lórí aṣọ dúdú tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀.

"Kí ló tún dé tó ò ń sunkún? Mi ò kú."

"Ta ni yóò máa ra ẹ̀yìn yín, Ìyá?"

Dosolina ń fọwọ́ tú irun ọmọ rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ra. "Ẹ̀yìn mi ti wà kí n tó bí ọ," ó ní. "Wọn ò sì gé ojú irin yẹn lẹ́yìn tá a sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ á máa wá, èmi á máa wá. Ọmọ tó fa èèyàn méjì yọ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ilé méjì ló máa wá nira fún un?" Ó yíjú sí Fiorenzo. "Ṣùgbọ́n ìwọ, gbọ́ mi. Mi ò ní í fọmọ mi fún ẹni tó ń gbàgbé. Lọ kọ́ wíwẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá fojú mi rí i ni fádà á gbọ́."

Báyìí ni ìgbéyàwó Armida ṣe ń dúró de ọkùnrin kan nínú omi. Fiorenzo so okùn mọ́ ìbàdí, ìyá rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìdí okùn lọ́wọ́ kan àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́ kejì. Fiorenzo ń kọ lẹ́tà. *Armida mi, lónìí mo léfòó fún ìwọ̀n Àdúrà Olúwa kan.* Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà: *Àdúrà Olúwa mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìyá mi kánjú ka ìkẹta.* Lẹ́yìn náà òtútù dé, omi di yìnyín létí. Ìgbà yẹn ni Armida mọ bí òtútù ṣe ń gùn tó. Àwọn kan lábúlé ń sọ pé ọkùnrin tó bá ń fẹ́yàwó ní tòótọ́ kì í fi odidi ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ lu omi. Òun náà á rò ó nígbà mìíràn, lójú ààrò, pé bóyá ọ̀rọ̀ náà ti sú Fiorenzo. Oṣù karùn-ún ni lẹ́tà tún dé: *Mo ti wọnú omi. Ó ṣì tutù. Mo ti dé Àdúrà Olúwa mẹ́jọ.*

Ọ̀sẹ̀ tí èpò oko tán, ìyá àti ọmọ wọkọ̀ ojú irin.

Fiorenzo tu ọkọ̀ lọ jìnnà, ó yọ okùn ìbàdí, ó fò sínú omi. Ó ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ n parọ́ fún yín, kò rẹwà rárá. Ó ń wẹ̀ bí ajá tó jábọ́ sínú kànga, orí lókè, ojú pọ́n, ẹnu ń tu omi bí ẹ̀rọ. Onorina ti di ojú. Bàbá Gaudenzio ń ka àdúrà sókè, ó ti sọ iye rẹ̀ nù. Èjìká Armida ń bá èjìká Fiorenzo lọ, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Láàárín ọ̀nà, orí náà wọlẹ̀. Dosolina ló kígbe. Orí náà jáde. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ fi gbá òkúta ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn mú.

"Ìyá," ó ní, bó ṣe ń wúkọ́, "mo dé."

Dosolina tẹ̀ ba wò ó. "Ohun tó o ń ṣe bọ̀ yẹn, wíwẹ̀ nìyẹn?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Ó burú láti wò." Ó nàró, ó fa imú, ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀. "Armida, kí lò ń wò? Gbé aṣọ ìnura fún ọkọ rẹ, òtútù ń mú un."

Aṣọ ìnura wà ní apá Armida láti àárọ̀. Kò rántí rẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà, pẹ̀lú bàtà, pẹ̀lú aṣọ tuntun, omi mu ún dé kókósẹ̀, ó mu ún dé orúnkún, kò dúró. Ó mu ún dé àyà, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí Fiorenzo.